Kẹ̀kẹ́ Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Ó-kù-díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sì sọ ọ́ lórúkọ náà. Kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ẹ bá mi bi í, kí ló fẹ́ kí n sọ ọ́? Ọkùnrin tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí oníbàárà tó bi í rí pé "Ṣé kẹ̀kẹ́ mi ti yá?" tó gbọ́ "Ó ti yá" lẹ́nu rẹ̀. "Ó kù díẹ̀" ni. Kẹ̀kẹ́ tí kò tíì fọwọ́ kàn, ó kù díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ wà lórí òrùlé, tí ṣéènì rẹ̀ wà nínú epo, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó lé ìjókòó rẹ̀ tó ń jẹun, òun náà kù díẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Ògiri kan ló pààlà ṣọ́ọ̀bù èmi àti tirẹ̀, ihò kan sì wà lára ògiri ọ̀hún tí a ti ń yá ara wa ní àlùmọ́gàjí àti èébú. Kí ẹ má bàa sọ pé n ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé: bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, "ẹ̀yin" ni, torí ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ tó fi mí ṣe lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí kò jẹ́ kí ọ̀wọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi mọ́.

Aránbàtà tó wà lódìkejì títì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún aránbàtà yìí kúrú ju tòsì lọ, kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀, torí ẹsẹ̀ náà kì í kan pẹ́dà. Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dilẹ̀, ó gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan, ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ pẹ́dà ọ̀tún, ó ní, "Gùn ún." Aránbàtà gùn ún. Ó gùn ún lọ, a ò rí i mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá wa jà pé ibo la rán ọkọ òun lọ.

Láti ọjọ́ náà ni orí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wú. Ó pe ẹni tó ń kọ pátákó, ó ní kó bá òun kọ ọ́ gàdàgbà sókè ẹnu ọ̀nà pé: KẸ̀KẸ́ FÚN ÀWỌN TÓ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ FÚN. Ẹ WỌLÉ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lórí rédíò nìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́ mẹ́nu ba ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, tí wọn ò fẹ́ kó jọ èébú. Òun rò pé òun sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Àdúgbò ò rí ọmọlúàbí kankan níbẹ̀, "kù díẹ̀" nìkan ni wọ́n rí. "Ó-kù-díẹ̀ ti kọ orúkọ ara rẹ̀ síta o!" Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rín níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rín náà wà ni Àǹtí Lẹ́tà bá a.

Àǹtí Lẹ́tà ni obìnrin tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa. Kò sí ilé tí kò mọ̀, kò sí ajá tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ lù ú ní oríta, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì bá a lọ, láti ìgúnpá. Oṣù mẹ́rin la ò fi gbúròó agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá yọ sí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹsẹ̀ rìn, ó dúró níwájú pátákó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta lẹ ní ó kù díẹ̀ káàtó fún?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè nídìí táyà. "Àǹtí Lẹ́tà! O kú ewu o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ta ló kù díẹ̀ káàtó fún? Ọwọ́ kan tó kù sí mi lára yìí, òun ni mo fi ń wẹ̀, òun ni mo fi ń dáná, òun ni mo fi ń na ọmọ tó bá yájú. Ó tó mi. Kẹ̀kẹ́ yín ló kù díẹ̀ káàtó, tí kò lè dúró bí kò bá rọ́wọ́ méjì!"

Mo sáré gbé etí sí ihò ògiri kí èsì ẹ̀gbọ́n mi má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin tó máa ń bá òjò jiyàn! Ṣe ló dìde, ó gbé agolo ọ̀dà dúdú tó fi ń kun irin kẹ̀kẹ́, ó gun àpótí, ó fi ọ̀dà pa FÚN ÀWỌN rẹ́, ó tún na ọwọ́ pa FÚN tó kẹ́yìn rẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀, gbogbo wa sì kà á: KẸ̀KẸ́ TÓ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ. Ẹ WỌLÉ.

"Ṣó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

Àǹtí Lẹ́tà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún pátákó wò. "Ó kù díẹ̀," ló wí, ó sì wọlé.

Ó jókòó lórí àpótí, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Olóǹtẹ̀ torí kò sí ohun tí kì í lu lóǹtẹ̀ (wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kì í lọ kí ìyá rẹ̀ láìgba ìwé), ti pè é wọ ọ́fíìsì. Ó ní ìwé òfin sọ pé apínlẹ́tà gbọ́dọ̀ lè gun kẹ̀kẹ́. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, yóò gun kẹ̀kẹ́ lójú òun, pẹ̀lú àpò lẹ́tà lọ́rùn, láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé oríta, yóò dúró gírí lórí ìlà funfun tó wà níbẹ̀, yóò sì gùn ún padà. Bó bá ṣe é, iṣẹ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kó kó ẹrù rẹ̀.

"Ó tún pa òwe fún mi," ni Àǹtí Lẹ́tà wí. "Ó ní ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí."

Mo pariwo láti inú ihò: "Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní lẹ́tà ni mò ń gbé, sà, n kì í gbé igbá."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò pẹ́. Ó ní àwọn ọmọ òun méjì ń wo òun, ìyá òun náà ń wo òun, àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dun òun jù. Ohun tó ń dun òun ni pé láti ìgbà tí òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi òun sí, òun ń so àpò lẹ́nu. "Mo ń gbọ́ tí àwọn yòókù ń tẹ agogo jáde láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ó ń pa mí lẹ́kún."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹnu rẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ọ.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe rèé. Ó gbé agogo sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó fa wáyà bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn, ó so méjèèjì mọ́ ọwọ́ bíréèkì kan ṣoṣo, lápá ọ̀tún. Ó wá ní kí n rán bẹ́líìtì kan tí a ó fi de apá òsì Àǹtí Lẹ́tà mọ́ irin kan tó yọ sókè lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo rán an. Mo rán an dáadáa, ojú méjì-méjì, ẹ̀bi mi sì nìyẹn. Àǹtí Lẹ́tà gun kẹ̀kẹ́ kọjá ilé mẹ́ta, ewúrẹ́ kan yọ, ó tẹ bíréèkì. Táyà méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ̀kẹ́ ta gìdìgbà, ó ṣubú, bẹ́líìtì mi ò sì tú. Kẹ̀kẹ́ wọ́ ọ lọ sáàárín bàtà aránbàtà. Nígbà tí a máa fi fà á yọ, orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, aránbàtà ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan títí dòní.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kàn dúró tó ń wo orúnkún obìnrin náà. Àǹtí Lẹ́tà gbọn eruku nù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ṣe é bí ẹni tó lọ́wọ́ méjì."

Ó lọ sílé. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó na ọwọ́ òsì sí mi. "Ká a ní ìgúnpá, kí o wé e pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí o so ó. Kí ìgúnpá nìkan ṣẹ́kù síta."

"Títí dìgbà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Títí tí n ó fi mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ẹ̀yin ará, ẹ wo oore! Láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń rán mi níṣẹ́, tó ń gbá mi létí. Mo mú ọ̀já aṣọ tó yi jù, mo wé e wé e, mo ta á ní kókó tí mo fi ń di ẹrù aṣọ, kókó tí ẹnikẹ́ni ò lè tú àfi èmi. Bó bá fẹ́ wẹ̀, àfi kó wá bẹ̀ mí. Bó bá fẹ́ wọ ẹ̀wù, àfi kó wá bẹ̀ mí. Mo kọ́ ọ ní "jọ̀ọ́" lọ́sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí òbí wa fi ogún ọdún kọ́ ọ tí kò mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wà bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ di ìjà. Kò lè fún kàn-ìn-kàn-ìn, kò lè di okùn bàtà, abọ́ oúnjẹ ń sá fún un lórí tábìlì. Àwọn ará àdúgbò rí i pé kò lo apá òsì mọ́, ariwo ta pé àrùn ti rọ Ó-kù-díẹ̀ lápá. Wọ́n ń wá kí i. Àgbàlagbà kan di ọwọ́ rẹ̀ tó kù mú, ó gbàdúrà títí ọbẹ̀ fi jóná nílé. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, nígbà tó yá ó rẹ̀ ẹ́, ó kàn ń ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó máa ń ju ọwọ́ méjèèjì bó bá ń jiyàn. Ọwọ́ kan ò ká iyàn. Ó yọ́ wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ má tíì tú u o."

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ó ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣubú. Níbi tó ti ń ṣubú ló ti mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró, kí tiwájú tó tẹ̀ lé e. Ó dẹ wáyà iwájú díẹ̀, bó bá rọra tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn á mú, bó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, iwájú náà á wá mú. Kẹ̀kẹ́ kò ta mọ́. Ó ku apá. Kò fẹ́ de apá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni apá tí kò bá rí ibi dúró sí kò lè darí kẹ̀kẹ́.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ni èsì ti bá a. Abọ́ ń sá, ó fi ìgúnpá lé e, ìgúnpá yọ̀, ó já sínú kọ́ọ̀bù omi. Omi dà sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ figbe ta, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́. Ó ń wo apá rẹ̀. Ìgúnpá ti jókòó sínú kọ́ọ̀bù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tì í síwájú, kọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e. Ó fà á sẹ́yìn, kọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e. Ó gbé apá sókè, apá jáde láìsí ìjà. Ó dìde tòun ti kọ́ọ̀bù, ó fi oúnjẹ sílẹ̀.

Kọ́ọ̀bù wo? Kọ́ọ̀bù tánganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, ọ̀kan nínú mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, tí àlejò nìkan ń mu omi nínú rẹ̀. Kò yẹ kó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà rárá, ọ̀kan nínú àwọn tó wá kí aláìsàn ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lu ihò sí i nídìí, ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ orí irin tó tẹ̀ sókè lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gan-an. Mo fi aṣọ tó nípọn àti òwú inú tìmùtìmù tẹ́ inú rẹ̀. Mo wá tú kókó. Apá rẹ̀ ti le, ó fi odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nà án.

Nígbà tí Àǹtí Lẹ́tà dé, ó fi apá sí kọ́ọ̀bù, ó gun kẹ̀kẹ́, ó yí àdúgbò po. Agogo ń dún. Àwọn ajá gbọ́ ọ, wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń gbó, wọ́n ń sá tẹ̀ lé e bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó padà dé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ni. N ò bá a jiyàn, torí atẹ́gùn ń fẹ́ sí èmi náà lójú.

Ayọ̀ wa ò pé ọjọ́ méjì. Ọ̀gá Olóǹtẹ̀ rí i lórí kẹ̀kẹ́, ó dá a dúró.

"Kẹ̀kẹ́ ta nìyí? Kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ lòfin sọ. Mẹ́fà ló wà nínú àgọ́ wa. Èmi fúnra mi ni n ó ṣa èyí tí wàá gùn lọ́jọ́ náà."

Àǹtí Lẹ́tà ti kẹ̀kẹ́ padà wá bá wa, kò gùn ún. "Ó tán," ló wí. "Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ ò ní kọ́ọ̀bù, bíréèkì wọn wà lọ́wọ́ méjèèjì. Ó kúkú ti mọ̀ pé n ò ní lè gùn ún." Ó jókòó, ó bojú. Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi aṣọ nu sípánà. "Àwọn kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ yín yẹn," ló wí jẹ́ẹ́, "ta ló ń bá yín tún wọn ṣe?"

"Ẹ̀yin mà ni."

"Ìgbà wo ni mo tún wọn ṣe kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́ jù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì wọ bàtà.

Ó lọ bá Ọ̀gá Olóǹtẹ̀, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bí kò ṣe dọ̀bálẹ̀ rí. Ó ní ọjọ́ ńlá ń bọ̀, èrò á pọ̀, kí kẹ̀kẹ́ jíjẹrà má lọ dójú ti ilé iṣẹ́. Ó dùn mọ́ ọ̀gá. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún un fún "àtúnṣe gbogbo tó bá yẹ". Ó lu ìwé náà lóǹtẹ̀, gbàm. Ẹ̀gbọ́n mi ká a, ó fi sí àpò àyà.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọn apínlẹ́tà fẹsẹ̀ rìn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń rán ẹnì kan wá: ṣé kẹ̀kẹ́ ti yá? Ẹ̀gbọ́n mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fi ara dí i, á ní, "Ó kù díẹ̀." Ẹni tí wọ́n rán á padà lọ, kò sì sí ẹni tó fura. Ta ló fẹ́ fura? Orúkọ tí mo fún un tó ń torí rẹ̀ bá mi jà, ọjọ́ náà ló wúlò fún un.

Bíréèkì ò ṣòro. Kọ́ọ̀bù mẹ́fà ló ṣòro. Ó tú èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Níbi tí márùn-ún yòókù ti wá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ yà kí i, ìyàwó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti bu omi fún un, òfo ló bá níbẹ̀. Ó sáré wá bá mi. "Àǹtí, ẹ bá n rí kọ́ọ̀bù mi?" Ẹnu mi fẹ́ ṣí. Mo fi òwú há a. Bí mo ṣe dákẹ́ náà ló fi mọ̀, torí èmi kì í dákẹ́. Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà tò síbẹ̀, kọ́ọ̀bù etí búlúù mẹ́fà sì jókòó lórí wọn. Mo ti ń wá ibi tí n ó sá sí. Obìnrin náà wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ó wo Àǹtí Lẹ́tà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń fi ọwọ́ kan ká òwú fún mi. Ó fa etí aṣọ rẹ̀, ó tutọ́ sí i díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ gíríìsì kúrò lára àwọn kọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí wọ́n bá máa wọ iṣẹ́ ìjọba," ló wí, "kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní mímọ́." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ, ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán." Abọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mu omi lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ pé. Èrò kún iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pín nǹkan. A ti kẹ̀kẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé, a tò wọ́n. Ọ̀gá Olóǹtẹ̀ jáde, ìwé òfin lábẹ́ apá. Ó dúró síwájú kìíní.

"Kí nìyí?"

"Ibi ìfapálé ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọ̀gá kọjá sí ìkejì. Kọ́ọ̀bù. Ìkẹta. Kọ́ọ̀bù. Kò wo ìkẹrin mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré títí tó fi dé ìkẹfà. Ó yíjú padà. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọ ìwé láti àpò àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ̀yin ni, sà. Àtúnṣe gbogbo tó bá yẹ. Òǹtẹ̀ yín rèé nísàlẹ̀."

Ọ̀gá wo òǹtẹ̀ náà títí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ pé òǹtẹ̀ ni àṣẹ, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún èrò tó tó bẹ́ẹ̀ pé òǹtẹ̀ òun ò ka nǹkan? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ tó gbó jù. "Gun ìyẹn." Òun náà gun ọ̀kan láti tẹ̀ lé e, torí òfin sọ pé kí ọ̀gá fojú ara rẹ̀ rí i. Kò wá rí ibi gbé ìwé òfin sí, ló bá mú un lọ́wọ́ òsì.

Àǹtí Lẹ́tà gbé àpò kọ́rùn, ó fi apá sí kọ́ọ̀bù, ó gbéra. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ga, kẹ̀kẹ́ ń yára. Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí ọmọlanke kan tó kún fún pákó yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó dábùú títì pátápátá. Mo figbe ta. Àǹtí Lẹ́tà tẹ bíréèkì. Ẹ̀yìn mú, iwájú mú, kẹ̀kẹ́ dúró gírí, àpò lẹ́tà kàn gbún un lẹ́yìn díẹ̀. Ó tẹ agogo fún ẹni tó ń ti ọmọlanke.

Ọ̀gá Olóǹtẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí òkúta tó ń yí bọ̀ lórí òkè, ìwé lọ́wọ́ òsì, ẹnu ní yíyà. Ó tẹ bíréèkì tó rí, lápá ọ̀tún. Ìgúnpá òsì rẹ̀ já sínú kọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró. Kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ láàárín òun àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Àǹtí Lẹ́tà.

Àǹtí Lẹ́tà yíjú padà, ó wo apá ọ̀gá rẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù, ó wo ìwé òfin tó ṣì gbé sókè.

"Ọ̀gá," ló wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ọwọ́ mélòó lẹ fi dúró yẹn, sà?"

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, mo rò pé òrùlé á ṣí. Obìnrin náà gùn ún lọ dé oríta, ó dúró lórí ìlà, ó gùn ún padà, ọ̀gá sì lu ìwé rẹ̀ lóǹtẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Kò parí síbẹ̀ o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, agogo dún níwájú wa, Àǹtí Lẹ́tà ló gbé lẹ́tà wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́: kí ó dá gbogbo kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Bẹ́ẹ̀ àwọn apínlẹ́tà yòókù ti ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àwọn. Ọ̀kan ti ń fi ọwọ́ òsì di agbòjò mú lọ́jọ́ òjò, ọ̀kan ń jẹun lórí tirẹ̀, ọ̀kan kàn ń juwọ́ sí àwọn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ka lẹ́tà náà tán, ó ká a, ó fi í sínú agolo nọ́ọ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀."

Ó pé ọdún méjì báyìí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni lẹ́tà ọ̀hún ń dé, òǹtẹ̀ rẹ̀ ń tóbi sí i, ó ti di mẹ́jọ nínú agolo. Àlejò ṣì ń fi abọ́ mu omi nílé ẹ̀gbọ́n mi. Àǹtí Lẹ́tà á gbé lẹ́tà kalẹ̀, á dúró gba èsì, á fi apá sí kọ́ọ̀bù ìyàwó wa, á tẹ agogo sáwọn ajá, á sì lọ jíṣẹ́ pé ó kù díẹ̀.